Kò Sí Nǹkan Kan Lẹ́yìn Òpó Kánópì

Fọ́tò kan wà níwájú mi lórí kọ̀ǹpútà. Ìyá àgbà tó pé ọgọ́rin ọdún ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n wọ léèsì aláwọ̀ wúrà, wọ́n wé gèlè tó bá bàtà wọn mu, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí àgbà ṣe ń rẹ́rìn-ín, ẹnu kò là tán. Gbogbo rẹ̀ ló dára àyàfi nǹkan mẹ́ta. Òpó kánópì dúró gan-an lẹ́yìn gèlè mama, àfi bíi pé orí wọn ló ti hù jáde. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tí ẹnì kan ti mu wà nílẹ̀ nítòsí bàtà wọn. Lẹ́yìn èjìká òsì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù sókè, òun náà ń ya tirẹ̀. Ọmọ mama tó gbé fọ́tò náà wá sọ ohun tí gbogbo oníbàárà wa máa ń sọ: "Ẹ ṣáà bá wa yọ àwọn nǹkan yẹn kúrò."

Ọ̀rọ̀ "yọ kúrò" yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Bí ẹ bá gbé abọ́ kúrò lórí tábìlì, tábìlì á hàn, nítorí ó ti wà lábẹ́ abọ́ náà tẹ́lẹ̀. Ti fọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ògiri wà lẹ́yìn òpó kánópì yẹn lóòótọ́, àmọ́ kámẹ́rà kò rí i. Ohun tí kámẹ́rà kò bá sì rí, kò sí nínú fáìlì. Ẹni tó bá ti gba èyí gbọ́ ti mọ ìdajì iṣẹ́ wa, á sì mọ ìdí tí òpó kan fi lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún, tí fóònù kan sì lè gba gbogbo òru.

Ẹ jẹ́ ká wo inú fáìlì ọ̀hún. Kámẹ́rà tí wọ́n bá pè ní megapixel 12 máa ń pín ohun tó bá rí sí àpótí wínníwínní, 4,000 ní ìbú, 3,000 ní òró, èyí tó jẹ́ mílíọ̀nù 12 lápapọ̀. Píksẹ́lì ni wọ́n ń pe àpótí kọ̀ọ̀kan. Nínú fọ́tò tí a sábà máa ń lò, nọ́ńbà mẹ́ta ló wà nínú píksẹ́lì kan: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wà láàárín 0 sí 255. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 0, ó dúdú kirikiri. Bí wọ́n bá jẹ́ 255, ó funfun báláú. Òpó tí ẹ ń wò yẹn, nọ́ńbà ni. Gèlè mama, nọ́ńbà ni. Wọ́n tò síra wọn bí òwú inú aṣọ, kò sí èyí tó gun orí èkejì.

Aṣọ ni mo sì fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Bí áyọ́ọ̀nù bá jó aṣọ òkè, télọ̀ kò lè yọ ojú ibi tó jó kí ó sì bá aṣọ tuntun lábẹ́ rẹ̀. Ihò ni yóò bá. Ohun tó máa ṣe ni pé á wá ègé aṣọ kan náà, bóyá láti inú ìṣẹ́po etí rẹ̀, á sì fi dí ihò náà. Bó bá mọ iṣẹ́, á to ìlà mọ́ ìlà, á wo ibi tí òwú kọjú sí, á rí i pé ègé náà kò tàn ju ara aṣọ tó kù lọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àbùlẹ̀ náà ni gbogbo èèyàn á máa wò, wọn ò ní wo ẹni tó wọ aṣọ. Gbogbo ọgbọ́n ìyọkúrò tí wọ́n ti kó sínú Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti 1990 títí di òní, àbùlẹ̀ ni gbogbo wọn. Ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì kò ju pé ta ló ń yan ègé aṣọ, àti níbo ló ti mú un.

Kí a tó fa abẹ́rẹ́ yọ, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá sísọ́ọ̀sì nìkan ti tó. Ohun tó bá wà létí fọ́tò, ẹ gé etí náà, ó parí, ẹ ò sì parọ́ píksẹ́lì kan. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mama ì bá lọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí mo bá gé ìsàlẹ̀, bàtà á bá a lọ, wọ́n sì dìídì ra bàtà yẹn nítorí gèlè ni.

Iṣẹ́ àbùlẹ̀ yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Láyé fọ́tò onífíìmù, àwọn ọ̀gá wa máa ń gbé nẹ́gátíìfù lé orí gíláàsì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá fi pẹ́ńsùlù tó mú ṣóńṣó máa tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí pẹ́ńsùlù bá kàn lórí nẹ́gátíìfù á mọ́ sí i lórí pépà, bí irorẹ́ àti ìlà abẹ́ ojú ṣe ń pòórá nìyẹn. Àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá tún mọ ọgbọ́n kan tó jẹ́ àfikún dípò ìyọkúrò. Ní àwọn ọdún 1970, Stephen Sprague, ayàwòrán àti olùwádìí ọmọ Amẹ́ríkà, rí i ní Ìlá Ọ̀ràngún pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú láìjẹ́ pé wọ́n ti ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, Táíwò àti Kẹ́hìndé á wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó kọ ọ́ jáde ní 1978. Mo máa ń rántí fọ́tò ìbejì yẹn nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ló kọ́ wa ní àtọwọ́dá.

Kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ wa lọ́wọ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan. Thomas Knoll, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò kan ní 1987 tó lè gbé fọ́tò jáde lójú kọ̀ǹpútà. Àbúrò rẹ̀, John, tó ń ṣiṣẹ́ fíìmù ní iléeṣẹ́ Industrial Light & Magic, rọ̀ ọ́ pé kí àwọn jọ mú un gbòòrò. Iléeṣẹ́ Adobe gbé e jáde fún Macintosh ní oṣù kejì ọdún 1990, Photoshop sì ni wọ́n pè é. Láti ìgbà náà ni irinṣẹ́ kan tó rí bí òǹtẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Clone Stamp ni orúkọ rẹ̀ lónìí, òun sì ni mo kọ́kọ́ máa ń fi kọ́ ọmọ iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le, nítorí òun kì í fi ohun tó ń ṣe pa mọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ di bọ́tìnì Alt mú, ẹ tẹ ibi tí ẹ fẹ́ yá. Ẹ jáwọ́ lára Alt, kí ẹ wá máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun ibi tí ẹ fẹ́ bò. Kọ̀ǹpútà ti wọn ìjìnnà láàárín ojú ibi méjèèjì, kò sì ní jẹ́ kí ó yí padà: bí ọwọ́ yín bá lọ sọ́tùn-ún, ibi tó ti ń yá á lọ sọ́tùn-ún, bí ẹni méjì tó jọ gbé igi kan léjìká. Nọ́ńbà tó bá bá lọ́hùn-ún ló ń dà kọ síbí gẹ́lẹ́. Kò bù kún un, kò yọ níbẹ̀.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni mo fi ṣe é. Bíríkì ni wọ́n tò sílẹ̀ ní ọgbà náà, ìlà yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín bíríkì kan sí èkejì. Mo fẹ fọ́tò lójú títí mo fi lè ka píksẹ́lì. N kò tẹ Alt sí àárín bíríkì, orí igun tí ìlà yanrìn méjì ti pàdé ni mo tẹ̀ ẹ́ sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ kíkùn ní orí igun mìíràn tó jọ ọ́, ní etí ọ̀rá náà. Báyìí ni ìlà á fi bá ìlà. Ẹ̀gbẹ́ ni mo sì ti yá a, n kò yá a láti òkè. Bíríkì tó wà lókè nínú fọ́tò jìnnà sí kámẹ́rà, ó kéré sí èyí tó wà nísàlẹ̀. Bí mo bá gbé e wá síwájú, ilẹ̀ á dà bí ẹni pé ó rì níbẹ̀, ojú á sì fura láìmọ ohun tó rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ bá òjìji. Ọ̀rá ti lọ, àmọ́ òjìji rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ bí àmì omi. Òjìji ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, tàbí ìmọ́lẹ̀ ohun náà lára bàtà tó ń dán, lójú gíláàsì, lára mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Àṣìṣe kejì tí mo máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ jà lé lórí ni àtúnlò. Lára bíríkì tí mo yá, àbàwọ́n epo kan wà tó rí roboto. Bí ó bá ti fara hàn lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àṣírí ti tú. Ojú èèyàn tètè máa ń rí ohun méjì tó jọra. Ẹ máa pààrọ̀ ibi tí ẹ ti ń yá lóòrèkóòrè.

Òpó kánópì wá kù. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ mílíìkì, oòrùn sì ń bọ̀ láti òsì. Lójú yín, ògiri kan náà ni. Nínú nọ́ńbà, apá òsì lè jẹ́ 200, kí apá ọ̀tún jẹ́ 150. Bí mo bá fi òǹtẹ̀ gbé apá òsì lọ bo òpó, ìlà mímọ́ kan á dúró sí àárín ògiri, tó jẹ́ pé òpó tuntun ni mo kùn. Ọ̀ràn yìí ni Healing Brush wá yanjú nígbà tó dé pẹ̀lú Photoshop 7 ní 2002. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Patrick Pérez, Michel Gangnet àti Andrew Blake ti iléeṣẹ́ Microsoft tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde tó fi ìṣirò Poisson ṣàlàyé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ yékéyéké.

Yorùbá ló yẹ kí ọgbọ́n yìí tètè yé jù lọ, nítorí ohun tí etí wa ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Bí ọmọdé bá pe "ọkọ́" tí bàbá àgbà náà sì pe "ọkọ́", ohùn ọmọdé ga fíofío, ti bàbá wà nísàlẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa gbọ́ ti bàbá sí "ọkọ̀". Etí wa kò wo bí ohùn ṣe ga tó. Ohun tó ń tẹ̀ lé ni ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ láti ohùn kan sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Healing Brush ń ka ògiri. Ká ní píksẹ́lì mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn níbi tí mo ti yá jẹ́ 200, 204, 198. Kò gbé nọ́ńbà wọ̀nyẹn lọ. Ohun tó gbé ni "fi 4 gòkè, fi 6 sọ̀ kalẹ̀". Nígbà tó dé ibi tí ògiri ti jẹ́ 150, ó kọ 150, 154, 148 síbẹ̀. Hóróhóró ara ògiri wá láti òsì, ìmọ́lẹ̀ wá láti ibi tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìṣirò náà ń wo gbogbo etí ihò yíká, ó sì ń pín ìyàtọ̀ wọn sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní sí ojú rírán.

Níbi tí agbára rẹ̀ wà náà ni àléébù rẹ̀ wà. Etí ló ti ń gba àwọ̀. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá kan gèlè mama, gèlè náà di etí, àwọ̀ wúrà á sì ṣàn sínú ògiri bí ìgbà tí aró bá ń ṣí lára aṣọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo irinṣẹ́ méjì fún òpó kan. Ibi tó kan gèlè, Clone Stamp ni mo fi kun ún, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí etí rẹ̀ le díẹ̀, títí tí àlàfo kékeré fi wà láàárín gèlè àti ohun tó kù lára òpó. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́ kí Healing Brush jẹ ìyókù.

Ní 2005, Adobe tún fi Spot Healing Brush kún un. Èyí kò bi yín pé níbo ni kí òun ti yá. Ẹ tẹ ojú ibi tí ẹ kò fẹ́, á wá nǹkan tó yí i ká fi bò ó. Irorẹ́ kan, ìtẹ̀ kan. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Mama inú fọ́tò mi kọ pélé, ìlà mẹ́ta mẹ́ta tó dúró lóòró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Lójú irinṣẹ́ yìí, pélé kò yàtọ̀ sí àpá: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò jọ awọ tó yí i ká ni. Àwọn áàpù tó ń mú ojú dán lórí fóònù sì lè pa á rẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Mo ti dúró níwájú pátákó ìsìnkú bàbá kan tí mo mọ̀ dáadáa, tí wọ́n tẹ fọ́tò wọn gàgàrà sí, mo sì wá àbàjà wọn lójú títí, n kò rí i. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kò ní ìkà nínú, ó kàn fẹ́ kí bàbá dán ni. Àmọ́ ọmọ-ọmọ tó bá bá fọ́tò yẹn dàgbà kò ní mọ̀ láéláé pé ojú bàbá ń sọ ìdílé tí wọ́n ti wá. Ilà kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ fẹ fọ́tò lójú, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹ tó tẹ nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni pé kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa wá ègé aṣọ, fún ihò ńlá, kì í ṣe fún irorẹ́ nìkan. Àwọn olùwádìí ti ń lé èyí tipẹ́. Ní 1999, Alexei Efros àti Thomas Leung fi hàn pé a lè fẹ ara nǹkan bíi koríko tàbí bíríkì sí i, píksẹ́lì kan lẹ́yìn èkejì, bí a bá ń wá ibi tó jọ àyíká píksẹ́lì náà jù lọ nínú àwòrán. Ní 2000, Marcelo Bertalmío àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo bí àwọn tó ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe ṣe máa ń fa ìlà láti etí ibi tó bó wọ àárín rẹ̀, wọ́n sì kọ́ kọ̀ǹpútà ní irú rẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì dára, ṣùgbọ́n wọ́n falẹ̀, ẹ ò lè fi oníbàárà sórí àga kí ẹ máa dúró dè wọ́n.

Ohun tó ṣí ọ̀nà ni PatchMatch, tí Connelly Barnes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Princeton àti Adobe gbé jáde ní 2009. Ìṣòro tó yanjú ni pé fún ègé kékeré kọ̀ọ̀kan nínú ihò, kọ̀ǹpútà ní láti rí ègé tó jọ ọ́ jù lọ láàárín mílíọ̀nù ègé. Bó bá ń yẹ gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú. PatchMatch ṣe bí ará abúlé tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Wọn kì í tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lọ sí oko kan náà. Gbogbo wọn á tú ká síbi tó bá wù wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní rí nǹkan kan, àmọ́ ẹnì kan á ṣàdédé rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni náà á ké sí àwọn tó wà nítòsí, wọ́n á ya síbẹ̀, wọ́n á wá máa tú igbó tó yí wọn ká. Kọ̀ǹpútà náà á mú ibi kan fún ègé kọ̀ọ̀kan láìyẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá bọ́ sí ojú rere lára wọn á sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé, "Ibí ni mo ti rí tèmi, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tìrẹ á wà níbẹ̀." Ó sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí bíríkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríkì nínú ihò máa ń jọ bíríkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríkì níta. Ìyípo mélòó kan ti tó. Ní 2010, ó wọ Photoshop CS5 lábẹ́ orúkọ Content-Aware Fill, iṣẹ́ tó ń gba wákàtí kan sì di ti ìṣẹ́jú àáyá.

Orúkọ yẹn, tó túmọ̀ sí ìkún tó mọ ohun tó wà nínú àwòrán, pọ̀ ju ohun tó ń ṣe lọ, ṣá o. Kò lóye ohun tó wà nínú fọ́tò. Ìjọra nọ́ńbà ló mọ̀. Nígbà tí mo fi ẹ̀dà fọ́tò náà dán an wò, tí mo kọ́kọ́ yí òpó mama ká tí mo ní kí ó kún un, ó rí i pé gèlè wà létí ihò, ó sì lọ gé ègé gèlè wá, ó gbìn ín sára ògiri. Láti òpin 2018, Photoshop ti ń fi àwọ̀ ewé bo gbogbo ibi tó máa ti yá kí ó tó yá a. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ pa àwọ̀ ewé náà rẹ́ lórí èèyàn, lórí gèlè, lórí kánópì, kí ó ku ògiri nìkan. Ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó kún un dáadáa. Ẹni tó bá ń dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi, ẹ bi í léèrè bóyá ó sọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ ti yá fún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù ńkọ́? Mo bi ọmọ mama pé ta nìyẹn. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, ó kàn bọ́ sínú fọ́tò ni. Mo ní kí ó pe mama lórí fóònù kí a gbọ́ tẹnu wọn. Mama ní kí a fi ọmọ òun síbi tó wà. A sì fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ di òfin ní ṣọ́ọ̀bù mi: ohun tó bá jẹ́ nǹkan, a lè pa á rẹ́, ẹni tó bá jẹ́ èèyàn, a máa bi ẹni tó ni ọjọ́ náà léèrè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni ì bá sì le jù láti yọ. Apá léèsì mama kàn án, léèsì sì ní ihò. Láti inú ihò léèsì, ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ọmọkùnrin náà ń yọ jáde ní wínníwínní. Bí a bá pa á rẹ́ ní ẹ̀yìn tí búlúù ṣì wà nínú léèsì, bíi kí olè kó ẹrù lọ kí ó sì fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Ọwọ́ rẹ̀ tún bo díẹ̀ lára èjìká mama, kò sì síbòmíràn nínú fọ́tò tí èjìká òsì yẹn ti hàn tí a lè yá.

Níbi tí kò ti sí ohun tí a lè yá ni irinṣẹ́ tuntun ti wọlé. Google gbé Magic Eraser jáde lórí fóònù Pixel 6 ní 2021. Adobe gbé Generative Fill jáde ní 2023. Apple fi Clean Up sórí iPhone ní 2024. Èyí tó ń dá àwòrán sílẹ̀ lára irú wọn, ti Adobe fún àpẹẹrẹ, kì í wá ègé nínú fọ́tò yín nìkan. Wọ́n ti fi àwòrán tí kò lóǹkà kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á da hóró àwọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí àwòrán bí ẹni da yanrìn sórí rẹ̀, wọ́n á sì kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa gbọn yanrìn náà kúrò. Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, bí ẹ bá fún un ní ihò tó kún fún yanrìn lásán, á "gbọn" án títí ohun kan á fi yọ: ohun tó sábà máa ń wà nírú ibẹ̀. Bí a kò bá rí àdàn, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé òòbẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò rí i rí.

Fún ògiri, fún koríko, fún ojú ọ̀run, mo ń lò ó, ó sì dára gan-an. Fún aṣọ, mo máa ń ṣọ́ra. Mo ti rí i tó hun aṣọ òkè tí ìlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbì kan tó sì sọnù láàárín, èyí tí ahunṣọ kan kì í ṣe. Fún ọwọ́ àti ojú èèyàn, n kò ní gbà á láyè. Èjìká tó bá fi sí ara mama kì í ṣe ti mama. Ẹ tún rántí pé Generative Fill kì í ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì: apá tí ẹ fẹ́ kún nínú fọ́tò náà máa ń lọ sórí kọ̀ǹpútà Adobe lókèèrè kí èsì tó padà wá. Fọ́tò ìgbéyàwó lè lọ. Fọ́tò aláìsàn tàbí ti ìwé ẹ̀rí, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ibì kan sì wà tí ọ̀ràn dídára àbùlẹ̀ kò sí mọ́ rárá, ìyẹn fọ́tò ìròyìn. Ìjọba Stalin ní ilẹ̀ Soviet pa Nikolai Yezhov, olórí ọlọ́pàá inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní 1940. Fọ́tò kan wà tí Yezhov ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Stalin létí odò lílà Moscow. Wọ́n pa á rẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì fi omi bo ipò rẹ̀. Nígbà tiwa, Narciso Contreras, tó wà nínú àwọn ayàwòrán iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press tó gba àmì ẹ̀yẹ Pulitzer ní 2013, ya jagunjagun kan ní Síríà lọ́dún kan náà. Kámẹ́rà fídíò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní igun ìsàlẹ̀ fọ́tò náà. Ó yá ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó fi bò ó, bí mo ṣe bo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Kámẹ́rà náà kò yí ìtumọ̀ ìròyìn padà rárá. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2014, iléeṣẹ́ náà fòpin sí àjọṣe wọn pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbà pé wọ́n tọ̀nà. Mama ní kí n bá òun tún fọ́tò òun ṣe. Ẹni tó ń ka ìròyìn kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ó ku ohun tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dán an wò nílé gbọ́dọ̀ mọ̀. Kò di dandan kí ẹ ra nǹkan kan: GIMP, tí Spencer Kimball àti Peter Mattis bẹ̀rẹ̀ ní 1995, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní irinṣẹ́ òǹtẹ̀ àti ti ìwòsàn. Lórí fóònù, áàpù Snapseed ní Healing lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò gan-an. Ẹ ṣí léyà tuntun tó ṣófo, ìyẹn ìpele tí ẹ lè kùn sí láìkan fọ́tò, lé e lórí, kí ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ máa ka ohun tó wà nísàlẹ̀, kí ó sì máa kùn sórí èyí tó ṣófo. Bí ẹ bá ṣìṣe, ẹ pa léyà rẹ́, fọ́tò wà níbẹ̀ láìfarapa. Ẹ má sì máa tọ́jú fáìlì JPEG kan náà léraléra lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, nítorí ìgbàkúùgbà tí ẹ bá ti tún un tọ́jú ló ń já nǹkan díẹ̀ sọnù.

Fáìlì méjì ni mo fi sínú fláàṣì ọmọ mama: èyí tí òpó wà nínú rẹ̀, àti èyí tí kò sí. Mo kọ déètì sí orúkọ méjèèjì, mo sì kọ "àtúnṣe" sí ìkejì. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá gbé fọ́tò lọ fún àtúnṣe, ẹ gba méjèèjì padà, pàápàá ti àwọn àgbà.